"Mọ́mì, ṣé inú yín lèmi ti jáde?": ìdáhùn sí lẹ́tà ìyá kan ní Ìgbógbó

Ìyá kan kọ̀wé láti Ìgbógbó, ní Ìkòròdú. Ó ní: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọmọ ọdún 7 ni ọmọbìnrin mi. Ọ̀dọ̀ ìjọba Èkó la ti gbà á nígbà tó wà lóṣù márùn-ún, ìwé kọ́ọ̀tù sì wà lọ́wọ́ wa. A ò tíì sọ fún un. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a jọ ń wo fíìmù Yorùbá kan. Ọmọ àgbàtọ́ inú fíìmù náà gbọ́ òtítọ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, ló bá bu májèlé sí oúnjẹ àwọn tó tọ́ ọ. Ọmọ mi yíjú sí mi, ó ní, 'Mọ́mì, ṣé inú yín lèmi ti jáde?' Mo ní kó lọ bu omi wá fún mi. Àwọn ìyá ìjọ wa ní kí n má sọ ọ́ láéláé, pé Ọlọ́run ti bo àṣírí mi. Ọkọ mi ní ká dúró dìgbà tó bá wọ yunifásítì. Ìyá ọkọ mi ti sọ ọ́ rí pé ẹ̀jẹ̀ kì í parọ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé tó bá mọ̀, á wá ìyá rẹ̀ lọ, àti pé bí ọlọ́jọ́ bá dé bá ọkọ mi, àwọn ẹbí rẹ̀ á lé e jáde. Kí ni kí n ṣe?"

Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ sì kú ọkàn. Ẹ̀rù mẹ́ta ló lọ́ mọ́ra wọn nínú lẹ́tà yín: pé ọmọ lè má fẹ́ràn yín mọ́, pé ẹ lè ṣẹ Ọlọ́run tó bò yín láṣìírí, àti pé wọ́n lè fi ogún jẹ ọmọ náà níyà. Èrò tèmi ni pé kí ẹ sọ fún un, kó má sì ju oṣù kan sí òní lọ. Ó ti béèrè ná. Ẹ lè máa rò pé omi tí ẹ ní kó lọ bù ti pa ìbéèrè náà rẹ́, àmọ́ ọmọ ọdún 7 mọ ojú ìyá rẹ̀ í kà ju bó ṣe mọ ìwé í kà lọ. Ohun tó kà lójú yín lọ́jọ́ yẹn ni pé ọ̀rọ̀ kan wà nílé yìí tó ń dẹ́rù ba Mọ́mì. Bó bá tún béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i tí ẹ tún rán an níṣẹ́, kò ní bi yín mọ́, ẹlòmíràn ni yóò lọ bi.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ àwọn ìyá ìjọ. Wọn ò fẹ́ ibi fún yín. Wọ́n mọ ohun tí ojú obìnrin tó ń wá ọmọ máa ń rí lẹ́nu ẹbí àti lẹ́nu ará àdúgbò, èyí ni wọ́n ń dúpẹ́ pé Ọlọ́run bò. Ìtàn bí ẹ ṣe wá ọmọ jẹ́ tiyín, ẹ lè pa á mọ́ fún ẹni tó bá wù yín títí ayé. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ṣe wáyé àti bó ṣe dé ilé yín, òun ló ni ín. Ará ìta ò lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ̀, ẹni tó ni ọ̀rọ̀ lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Bí a bá da méjèèjì pọ̀, ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló máa ń di àṣírí, kò sì sí ọmọ tó ń dàgbà dáadáa nípò àṣírí.

Bíbélì tí à ń kà ní ṣọ́ọ̀ṣì lórúkọ fún ohun tí ẹ ṣe: ìsọdọmọ. Ó wà ní Róòmù 8:15, ní Gálátíà 4:5 àti ní Éfésù 1:5. Mo fẹ́ ká ṣọ́ra níbẹ̀ o, torí láyé àwọn ará Róòmù ìgbà yẹn, ọkùnrin tó ti gbọ́njú ni wọ́n sábà máa ń sọ dọmọ, kí orúkọ ìdílé má baà parẹ́, kí ogún sì rí ẹni jẹ ẹ́. Ẹsẹ wọ̀nyẹn ò ní kọ́ yín bí a ṣe ń tọ́ ọmọ oṣù márùn-ún. Ohun tí wọ́n sọ kedere ni pé ẹni tí a sọ dọmọ ti di ọmọ pátápátá, àti pé ó ń jogún. Ẹsẹ 17 nínú Róòmù 8 kan náà pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní àjùmọ̀jogún pẹ̀lú Kristi. Kò sí ibi tí wọ́n ti fi í pamọ́ fún un pé sísọ ni a sọ ọ́ dọmọ. Nínú Ẹ́kísódù 2:10, Mósè di ọmọ ọmọbìnrin Fáráò. Nígbà tó máa fi di ẹsẹ 11, ó ti dàgbà, ó jáde lọ wo àwọn arákùnrin rẹ̀ Hébérù, ó sì mọ̀ pé arákùnrin òun ni wọ́n. Ní Jẹ́nẹ́sísì 48:5, Jákọ́bù sọ pé tòun ni Éfúráímù àti Mánásè, ojú Jósẹ́fù tó bí wọn ló sì ti sọ ọ́.

Ó wá ku fíìmù. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń hun ìtàn yẹn: wọ́n á rí ọmọ lẹ́bàá ọ̀nà tàbí lójú ọjà, wọ́n á gbé e relé, wọ́n á dákẹ́ fún ọdún 25, àṣírí á sì tú lọ́jọ́ ìgbéyàwó, nídìí òkú, tàbí nígbà tí dókítà bá ń wá ẹ̀jẹ̀. Láìsí ìdákẹ́jẹ́ ọdún 25 yẹn, kò sí fíìmù. Wákàtí méjì náà á parí ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nítorí náà, ohun tó ba ilé yẹn jẹ́ wà lójú gbogbo wa bí a ṣe ń wò ó, ẹ̀jẹ̀ la kàn ń dá lẹ́bi. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń lo òwe tó ní ọmọ ẹni kì í ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Wọ́n sọ ọ́ di òwe lòdì sí ọmọ àgbàtọ́. Òwe náà ò sọ ọ̀nà tí ọmọ fi ń di ọmọ ẹni. Ọmọ tí ẹ dìde fún lóru nígbà tí ibà ń ṣe é, òun ni ọmọ yín, ìdí rẹ̀ sì ni ìlẹ̀kẹ̀ yẹ. Ẹ má wulẹ̀ pa tẹlifíṣọ̀n. Nígbà mìíràn tí irú fíìmù bẹ́ẹ̀ bá tún wáyé, ẹ bi ọmọ náà pé: "Ta ló ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ nínú wọn? Kí ló dé tí wọn ò sọ fún un? Báwo lo ṣe rò pé ó rí lára rẹ̀?" Ẹ ó gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ láì tíì bi í nípa ara rẹ̀.

Mo gbọ́ ti ọkọ yín pé ká dúró di yunifásítì. Ó dà bí ọgbọ́n, torí a rò pé àgbàlagbà ló lè gbé ọ̀rọ̀ tó wúwo. Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ náà kì í dúró dè yín. Ẹ wo genotype nìkan. Bí ẹ̀yin àti ọkọ yín bá jẹ́ AA, tí ọmọ jẹ́ AS, kò sí bí ẹ ṣe lè jẹ́ òbí tó bí i, torí S yẹn gbọ́dọ̀ ti ọ̀dọ̀ ẹnì kan wá. Ìmọ̀ yìí wà nínú báyọ́lọ́jì tí wọ́n ń kọ́ wọn ní sẹ́kọ́ńdìrì àgbà, wọ́n sì máa ń ní kí àwọn ọmọ lọ bi àwọn òbí wọn léèrè tiwọn. Bákan náà ni oríṣi ẹ̀jẹ̀: bàbá O àti ìyá O, ọmọ wọn kì í jẹ́ A tàbí B. Bó bá sì rékọjá ilé ìwé, púpọ̀ nínú àwọn ìjọ wa kì í so tọkọtaya pọ̀ láìrí èsì genotype. Ní ti ọjọ́ ìgbéyàwó, fíìmù yẹn ò ṣe àsọdùn rárá. Ẹ tún ka àwọn tó ti mọ̀ báyìí: ìyá ọkọ yín, àwọn ìyá ìjọ, ará ilé tó mọ̀ pé ẹ ò lóyún lọ́dún yẹn, ẹni tó bá yín lọ sí kọ́ọ̀tù. Ẹnikẹ́ni nínú wọn lè bínú lọ́jọ́ kan. Bí ọmọ bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀yin ìyá rẹ̀ lórí ìjókòó kan náà tí ó ti ń jẹun, ìtàn ni. Bó bá gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń jà, èébú ni.

Ká ní ẹ ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni, ìbá ti rọrùn jù báyìí lọ, torí ọmọ tó bá ti ń gbọ́ ọ láti kékeré kì í rántí ọjọ́ kan pàtó tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ọdún 7 ṣì dára. Ẹ kàn mọ̀ pé ọjọ́ orí yìí ni òye ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í là á pé kí wọ́n tó lè gba òun síbí, ẹnì kan ti jọ̀wọ́ òun níbòmíràn. Ó lè sunkún, n kò lè ṣèlérí pé kò ní sunkún. Ìgbà tí mo bẹ̀rù jù ni láàárín ọdún 13 sí 16, nígbà tí ọmọ ń wádìí ẹni tó jẹ́, tí gbogbo ọ̀rọ̀ òbí sì ti ń rí bí irọ́ létí rẹ̀.

Ẹ̀yin àti ọkọ yín ni kẹ́ ẹ jọ sọ ọ́. Ẹ fi bí ọ̀rọ̀ genotype ṣe rí han ọkọ yín, ẹ sì sọ fún un pé ọmọ ti béèrè. Kí ẹ jọ mú ọjọ́. Kí ọkọ yín fúnra rẹ̀ lọ bá ìyá rẹ̀, kẹ́ ẹ má lọ, torí ọ̀rọ̀ tí ọmọ bá fi pẹ̀lẹ́ sọ fún ìyá rẹ̀, ìyàwó ò lè sọ ọ́ kó má dìjà. Kó sọ pé: "Màámi, a fẹ́ sọ fún un. Bó bá bi yín, ẹ sọ fún un pé ọmọ-ọmọ yín ni. Ìyókù, ẹ ní kó wá bi wá." Gbólóhùn méjì yẹn tó fún àgbàlagbà láti há sórí. Ẹ mú àárọ̀ Sátidé, lẹ́yìn oúnjẹ, tí kò sí àlejò. Ẹ má mú ọjọ́ ìbí rẹ̀, ẹ má mú ọjọ́ tó ṣẹ̀ yín, ẹ má sì mú alẹ́, torí òun nìkan ni yóò dùbúlẹ̀ ti ọ̀rọ̀ náà nínú òkùnkùn. Ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè náà ò dáa, ilé ìwé ti wà láàárọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ díẹ̀ máa ń ranni lọ́wọ́: ẹ jọ máa ṣa ẹ̀wà lórí atẹ, kí Dádì náà jókòó tì yín. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ dí lè gbójú sílẹ̀ nígbà tó bá fẹ́, ó sì lè béèrè ohun tí kò ní lè béèrè bí ẹ bá mú un jókòó síwájú yín bí ẹni tó jalè. Ìṣẹ́jú 10 sí 15 ti tó.

Ọ̀rọ̀ náà lè lọ báyìí: "Lọ́jọ́ tí a ń wo fíìmù yẹn, o bi mí ní ìbéèrè kan, mi ò dá ẹ lóhùn. Má bínú. Ìbéèrè tó dáa ni. Inú mi kọ́ lo ti jáde. Obìnrin mìíràn ló lóyún rẹ, òun ló bí ẹ. Kò ṣeé ṣe fún un láti tọ́ ọmọ nígbà yẹn. O wà nílé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ, èmi àti Dádì sì ń wá ọmọ. A wá síbẹ̀, a gbé ẹ, adájọ́ sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ọmọ wa ni ẹ́. Ìwé yẹn kì í yí padà." Lẹ́yìn náà kí ẹ dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ló le jù. Ẹ má fi àdúrà dí i, ẹ má sì fi súwíìtì dí i. Ẹ máa ṣa ẹ̀wà lọ títí òun fúnra rẹ̀ á fi sọ̀rọ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kẹ́ ẹ sá fún. Ẹ má sọ pé ìyá rẹ̀ kọ̀ ọ́; ẹ ò sí níbẹ̀. Ẹ má sọ pé ó ti kú bí kì í bá ṣe ohun tó wà nínú fáìlì. "A yàn ẹ́ láàárín ọ̀pọ̀ ọmọ" dùn létí, ọ̀pọ̀ òbí ló sì fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ máa ń rò ó síwájú pé ohun tí wọ́n yàn, wọ́n lè dá a padà bí kò bá dáa mọ́. Èyí tí mo kórìíra jù ni "ká ní a ò gbà ẹ́, ìyà ni ì bá máa jẹ ẹ́." Gbèsè ni ọ̀rọ̀ yẹn gbé lé ọmọ lórí, á sì máa san án títí láyé, àkọ́kọ́ nípa ṣíṣe dáadáa jù, lẹ́yìn náà nípa ìbínú.

Lọ́jọ́ náà, ó lè dìde lọ ṣeré bí ẹni pé kò gbọ́. Ó gbọ́. Ìbéèrè á máa wá díẹ̀díẹ̀, nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ní balùwẹ̀, nígbà tí ẹ bá ń dì í nírun. Ó lè tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé, ó lè máa tọ̀ yín lẹ́yìn káàkiri ilé, tàbí kó ṣàìgbọràn láti wò ó bóyá ẹ máa dá a padà. Bó bá sọ pé "Ẹ̀yin kọ́ ni mọ́mì mi," ẹ dáhùn ní ohùn tí ẹ fi ń sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́: "Èmi ni mọ́mì rẹ. Lọ fọ abọ́ tí mo ní kó o fọ̀." Ìdúróṣinṣin tó wà nínú abọ́ yẹn ń fi í lọ́kàn balẹ̀ ju ẹkún yín lọ. Bí oorun, oúnjẹ tàbí ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá bàjẹ́ ju oṣù kan àbọ̀ lọ, ẹ mú un lọ rí dókítà. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Yábàá ní ẹ̀ka tó wà fún àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ ní Òṣòdì. Ẹ sì wá àpótí kékeré kan fún un, kí ẹ kó fọ́tò ọjọ́ tí ẹ gbé e wálé, aṣọ tó wọ̀ lọ́jọ́ náà, àti orúkọ tí wọ́n ń pè é kó tó dé ọ̀dọ̀ yín sínú rẹ̀.

Nípa ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ má fi ìtàn rẹ̀ jẹ́rìí lórí pẹpẹ. Bí ẹ bá fẹ́ dúpẹ́, ẹ dúpẹ́ fún ọmọ, ó tán. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú un lọ fún ìtúsílẹ̀ nítorí "ẹ̀jẹ̀ tí a ò mọ̀". Ìsíkíẹ́lì 18:20 sọ ọ́ kedere pé ọmọ kì í ru ẹ̀ṣẹ̀ baba, nínú Jòhánù 9 sì ni àwọn ọmọ ẹ̀yìn ti bi Jésù bóyá ọkùnrin tí a bí ní afọ́jú tàbí àwọn òbí rẹ̀ ló ṣẹ̀, ó sì ní kì í ṣe èyíkéyìí nínú wọn. Ọmọ tí wọ́n bá gbé ọwọ́ lé lórí léraléra nítorí ibi tó ti wá á gbà pé nǹkan kan wà lára òun.

Ẹ̀rù ogún ni mo rí pé ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìwé ló sì ń wò ó sàn. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003, tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2007, fi í hàn pé láti ọjọ́ tí adájọ́ ti fọwọ́ sí àṣẹ ìsọdọmọ, ẹ̀yin ni òbí rẹ̀. Bí bàbá bá kú láì ṣe wíìlì, ọmọ náà jẹ́ ọmọ rẹ̀ bí èyí tí wọ́n bí sínú ìgbéyàwó. Ibi tí ìjà ti ń wáyé ni ilẹ̀ ẹbí. Ìyẹn kì í ṣe ti ọkọ yín nìkan, kò sì lè fi ṣe wíìlì fún ẹnikẹ́ni, àní fún ọmọ tó bí. Ẹ má gbé ìrètí ọmọ náà lé e. Ohun tí ọkọ yín fi owó ara rẹ̀ rà ni kẹ́ ẹ mú le: kó kọ wíìlì, kó kọ orúkọ ọmọ náà bó ṣe wà nínú àṣẹ kọ́ọ̀tù gẹ́lẹ́, kó fọwọ́ sí i lójú ẹlẹ́rìí méjì tí wọ́n jọ wà níbẹ̀, kí àwọn náà fọwọ́ sí i lójú rẹ̀. Ẹni tí wíìlì fún ní nǹkan, tàbí ọkọ tàbí aya irú ẹni bẹ́ẹ̀, kò gbọ́dọ̀ ṣe ẹlẹ́rìí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ohun tí wọ́n fún un á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ lè fi wíìlì náà pamọ́ sí ọ́fíìsì probate ti kọ́ọ̀tù gíga Èkó, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń bójú tó ọ̀rọ̀ wíìlì. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé kíkọ orúkọ ọmọ sí next of kin ní báǹkì ti sọ ọ́ di ajogún. Kò rí bẹ́ẹ̀, ẹni tí wọ́n máa kàn sí ni. Ẹ lọ gba ẹ̀dà àṣẹ ìsọdọmọ tí kọ́ọ̀tù fi òǹtẹ̀ lù, méjì ó kéré tán, kí ọ̀kan wà níbi tí kò sí nínú ilé yín.

Ẹni tó bá ń ka èyí, tó gba ọmọ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tàbí lọ́wọ́ alágbàtà láìsí kọ́ọ̀tù, kó tètè wá lọ́yà lọ. Ọmọ rírà ni òfin ń pe ìyẹn tí owó bá ti wọ̀ ọ́, ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ló sì wà fún un nínú òfin 2003. Kò sí ìfẹ́ tó lè sọ ọ́ di ìsọdọmọ.

Ẹ ní ẹ̀rù ń bà yín pé yóò wá ìyá rẹ̀ lọ. Ó lè fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ọmọ tó fẹ́ mọ ojú tó jọ tòun kò tíì sọ pé òun ò fẹ́ ojú yín. Bó bá dàgbà tó sì fẹ́ béèrè, iléeṣẹ́ ìjọba ní Àláúsá tí ẹ ti gbà á ni kẹ́ ẹ jọ lọ, ẹ má jẹ́ kó dá lọ. Fáìlì mìíràn ní ìtàn gígùn nínú, òmíràn kò ní ju ìlà mẹ́ta lọ, ó sì yẹ kó ti mọ̀ lẹ́nu yín tẹ́lẹ̀ pé ó lè rí bẹ́ẹ̀. Kó tó di ìgbà yẹn, bóyá lọ́sẹ̀ yìí kan náà, ó lè bi yín pé, "Ṣé obìnrin yẹn mọ orúkọ mi?" Ẹ dá a lóhùn pé, "Mi ò mọ̀. Orúkọ tó ò ń jẹ́ yìí, èmi àti Dádì la sọ ọ́. Ṣé o fẹ́ ká gbàdúrà fún un?" Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ jẹ́ kó fúnra rẹ̀ gba àdúrà náà, kí ẹ̀yin ṣe àmín.